Oríṣi Mẹ́sàn-án Fún Kí Ni? Méjì Tó Wa

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn. Mi ò ní jẹ́ kó sùn. Owó ló wà ńbẹ̀, owó tí a dá jọ. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì ní Enerhen dá síbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Igbudu dá síbẹ̀. Owó tí irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn bá yọ lára èrè òòjọ́ wọn, a kì í fi ra ìranù.

Fún ẹni tí kò wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas wá sílé ní Kérésì. Dísìkì méje wà nínú ẹrù rẹ̀, rọ́bà pẹrẹsẹ tó rí rìbìtì bí ọmọrí ìkòkò. Àwọn ọmọ wa tiẹ̀ ń pè é ní ọmọrí títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, góòfù ni wọ́n ń fi gbá láìlo igi. Wàá ju dísìkì náà láti ibi kan, wàá rìn lọ síbi tó bá bọ́ sí, wàá tún ju ú láti ibẹ̀, títí tó fi máa kọlu ṣéènì tí wọ́n so rọ̀ sórí apẹ̀rẹ̀ irin, tó sì máa jábọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù ló jẹ. Kò sí ẹjọ́, kò sí rẹfirí.

Ó kọ́ àwọn ọmọ ní pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Kó tó padà, wẹ́dà kan ní ọ̀nà Jakpa ti bá wa fi rímù kẹ̀kẹ́ àti ṣéènì alùpùpù ṣe apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé eré ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àfi bó ṣe di pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo ń ka ogún ọmọ, ó máa ń di ọgbọ̀n nígbà mìíràn: ọmọ tiwa, ọmọ Urhobo, ọmọ Itsekiri tí èdè wọn àti tiwa fẹ́ jọra, ọmọ Ijaw. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ilé tẹ́tẹ́ ni mo ti mọ̀ wọ́n, tí wọ́n máa ń di tíkẹ́ẹ̀tì mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nísinsìnyí, àwọn ni wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ jáde. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo. Tí a bá fi owó yìí ṣeré, tí eré náà bá dàrú, mo mọ ibi tí àwọn mẹ́rin yẹn ń padà sí.

Dísìkì méje kò tó ọgbọ̀n ọmọ. Méjì ti sọnù nínú wọn pàápàá, ọ̀kan wọ gọ́tà, ọ̀kan wọ irà. Ni a bá ní ká dáwó, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa ra òmíràn, kó fi ránṣẹ́. Títí dé ibí yìí, ẹnu wa kò.

Dísìkì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Driver wà, etí rẹ̀ mú, ó máa ń lọ jìnnà lọ́wọ́ ẹni tó lágbára. Putter wà, ó nípọn létí, òun ni wọ́n ń jù tí wọ́n bá ti sún mọ́ apẹ̀rẹ̀. Midrange ló wà láàárín, alágbedeméjì. Gbogbo wa gbà pé ká fi driver sílẹ̀ ná, torí pé lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kì í gbọ́ràn, ṣe ló máa ń wọ́ lọ sí òsì tá a wó lulẹ̀. Putter kò dá ìjà sílẹ̀. Midrange ló dá ìjà sílẹ̀.

Àbúrò wa kan dìde, ó yọ ìwé, ó ka oríṣi midrange mẹ́sàn-án sí wa létí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kàwé, ó mọ kọ̀ǹpútà ju èmi tí mo parí sí ìwé mẹ́wàá lọ. Ó ní kí a ra ẹyọ méjì-méjì nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ méjìdínlógún. Ó ní ọ̀kan wà fún ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ọ̀kan wà fún ọ̀nà tó yà sí ọ̀tún, ọ̀kan fún abẹ́ igi, ọ̀kan fún ìgbà tí kò bá sí atẹ́gùn rárá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo ara mi, mo ní àbí èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà ni?

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ẹ̀rù mi ti wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta rọ́bà ní ìlú yìí, garawa, abọ́, kúlà, fúláàsìkì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìsọ̀ tèmi, mo rò pé ọjà tó bá ní oríṣiríṣi ni oníbàárà ń fẹ́. Mo gbé fúláàsìkì oríṣi mẹ́rìnlá kalẹ̀, elétí méjì, elétí kan, onífúláwà, aláwọ̀ fàdákà, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí. Ìsọ̀ dára lójú. Ọdún náà parí, oríṣi méjì péré ni àwọn èèyàn rà. Gbogbo ìgbà ni méjì yẹn ń tán, tí mi ò lówó láti rà sí i, torí pé owó ti há sínú oríṣi méjìlá tó kù tí eruku ń bò. Mo ta wọ́n lówó tó kéré sí iye tí mo rà wọ́n. Ìyàwó mi ṣì máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí di òní. Nítorí náà, tí mo bá rí ẹni tó ń ka oríṣi mẹ́sàn-án, eruku ni mo ń rí.

Mo bá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi là mí lóye lórí fóònù, mo sì bi í léèrè dáadáa, ìbéèrè ọlọ́jà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń wà lójú dísìkì wọ̀nyí. Èkíní ń sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ yára tó kó tó fò bó ṣe yẹ. Èkejì ń sọ bó ṣe máa ń pẹ́ lófuurufú tó. Ẹ̀kẹta ń sọ bóyá á fẹ́ yà sí ọ̀tún nígbà tó ṣì ń sáré, ẹ̀kẹrin sì ń sọ bí á ṣe wọ́ sí òsì tó nígbà tí ara rẹ̀ bá ń rọ̀. Èyí jẹ́ fún ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, tó gbé ọwọ́ kọjá àyà kó tó jù. Fún ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Ẹ wá wo ọjà. Buzzz, tí ilé-iṣẹ́ Discraft ní Michigan ń ṣe, 5, 4, -1, 1 ni. Ìyẹn ni pé ó ń lọ tààrà, á yà díẹ̀, á tún padà díẹ̀. Mako3 ti Innova ní Kalifọ́níà, 5, 5, 0, 0, tààrà náà ni. Roc, Innova náà ló ṣe é, 4, 4, 0, 3, òun máa ń wọ́ sí òsì ní ìkẹyìn, atẹ́gùn kì í sì í tètè dà á láàmú. Nínú oríṣi mẹ́sàn-án tí àbúrò wa kà, mo jókòó, mo fi bírò pín wọn. Mẹ́rin nínú wọn, nọ́ńbà wọn kò fi ju ẹyọ kan yàtọ̀ sí ti Buzzz. Mẹ́ta jọ Roc bí ìbejì. Méjì tó kù, àwọn tó máa ń yà sí ọ̀tún ni. Ẹ wòye! Oríṣi mẹ́sàn-án kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà ńbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń tà fún wa.

Àbúrò wa ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní dísìkì tirẹ̀. Ó dáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú Buzzz kan ṣoṣo níwájú gbogbo wa ní pápá yẹn. Ó tẹ etí rẹ̀ tó jìnnà sí ara rẹ̀ sílẹ̀, ó jù ú, ó yí lọ sí òsì. Ó gbé etí yẹn sókè, ó jù ú, ó yí lọ sí ọ̀tún. Ó mú un tẹ́jú, ó lọ tààrà. Dísìkì kan náà ni. Ọwọ́ ló yí padà. Ọmọ tí a bá fún ní oríṣi mẹ́sàn-án, kò ní kọ́ ọwọ́ yẹn láéláé. Tó bá ti jù ú tí kò lọ síbi tó fẹ́, á ní dísìkì ló burú, á na ọwọ́ sí òmíràn. Ọmọ tó ní ẹyọ kan kò ní ẹni tó máa dá lẹ́bi ju ara rẹ̀ lọ.

Ó tún ní àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé ogún dísìkì lé ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Nínú góòfù onígi, òfin wà: igi 14 ni èèyàn lè gbé, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi òfin yẹn lélẹ̀, nígbà tí àwọn kan ti ń gbé igi tó lé ní ogún kiri. Nínú góòfù dísìkì, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, gbé iye tí ẹ̀yìn rẹ bá lè gbé. Ta ni àìsí òfin yẹn dùn mọ́? Ẹni tó ń tà á. Ní 2021, Discraft kan náà bá Paul McBeth, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù jù láyé, ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Mi ò bá wọn jà, ọlọ́jà lèmi náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ta lẹ rò pé ó ń dá owó yẹn padà? Ẹni tó ń ra mẹ́sàn-án ni. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá oníbọ̀ọ̀lì tiwa.

Tí ẹ bá sì ń fẹ́ àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà, ẹ mú èyí tó nítumọ̀. Ọdún 1987 ni Roc ti wà, wọ́n ṣì ń rà á lónìí. Ken Climo gba ife àgbáyé ìgbà 12, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ tẹ̀ léra láti 1990 sí 1998, orúkọ rẹ̀ sì wà lójú irú Roc kan tí Innova tẹ̀ jáde. Nígbà ayé àwọn yẹn, ohun tí àwọn tó gbọ́n ń ṣe ni kí wọ́n gbé Roc mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tuntun kan, ìlò-díẹ̀ kan, àlòkù pátápátá kan.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, torí pé iṣẹ́ mi nìyí. Rọ́bà máa ń gbó. Garawa tí ẹ fi ń pọnmi, ẹ wo etí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Dísìkì náà, tó bá ti ń kọlu igi, tó ń bọ́ sórí kọnkéré, tó ń há lórí amọ̀ pupa, etí rẹ̀ á máa yí padà, fífò rẹ̀ náà á sì máa yí padà. Roc tí wọ́n fi rọ́bà olówó pọ́ọ́kú ṣe, èyí tí Innova ń pè ní DX, tó bá jẹ́ tuntun, á wọ́ sí òsì. Tó bá ti jìyà díẹ̀, á máa lọ tààrà. Tó bá ti jìyà gan-an, á máa yà sí ọ̀tún. Ẹ gbọ́ mi yé? Oríṣi kan ṣoṣo, tí ẹ bá ní sùúrù, á di oríṣi mẹ́ta fúnra rẹ̀. Méjì tó ń yà sí ọ̀tún tí àbúrò wa fẹ́ ká sanwó rẹ̀, ṣe ni á bá wa nílé lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá fi máa di ìgbà òjò tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú eré yìí, àkísà ni ọ̀wọ́n jù. Ẹ kò lè rí i rà lọ́jà, àfi kí ẹ fọwọ́ ara yín lò ó gbó.

Rọ́bà ọ̀wọ́n wà lóòótọ́, èyí tó le, tó ń dán. Iye rẹ̀ máa ń tó dọ́là 15 sí 20 lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbẹ̀, nígbà tí ti pọ́ọ́kú wà ní bíi dọ́là 8 sí 10. Ẹ fi náírà ìsinsìnyí ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín, ẹ mu omi tútù lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà ọ̀wọ́n kì í tètè yí padà, ìyẹn dára fún èyí tí a bá fẹ́ kó máa lọ tààrà fún ọdún mélòó kan. Pọ́ọ́kú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, torí pé tí òjò bá ti pa ọwọ́, òun ló máa ń di ọwọ́ mú. Ní Warri, ìgbà wo lọwọ́ wa gbẹ?

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan tó gbè sẹ́yìn àbúrò wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní Buzzz nìkan ni ká rà, ká má ra nǹkan kan mọ́. Mo ṣi í. Ní Sátidé kan, ẹ̀fúùfù tó máa ń ṣáájú òjò dé bá wa ní pápá. Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ bá jù sójú atẹ́gùn ló ń dojú dé sí ọ̀tún, tó ń bọ́ sẹ́yìn ògiri. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ bọ̀ lójú máa ń mú kí dísìkì tó ń lọ tààrà yà, ó sì nílò èyí tó lágídí, tó ń wọ́ sí òsì, kó lè bá a figẹ̀ wọngẹ̀. Àbúrò wa ti sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́ ìpàdé, èmi ni mo ń fi i rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé méjì, tí mi ò sọ pé ọ̀kan. Buzzz fún tààrà, Roc fún atẹ́gùn.

Àmọ́ lórí pé "tí ọ̀kan bá sọnù, òmíràn wà", mi ò gbà rárá. Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́. Ọ̀pọ̀ dísìkì wọ̀nyí máa ń rì tí wọ́n bá bọ́ sómi, ẹ sì mọ bí omi ṣe yí wa ká níbí. Á sọnù, ká má tan ara wa. Tí ọmọ kan bá ti mọwọ́ oríṣi kan, tí ẹyọ méjì rẹ̀ sì wọ irà, gbogbo ohun tó kọ́ ló bá a rì. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ Buzzz, á na ọwọ́ sínú àpò, á mú òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ tó ní Corolla mẹ́ta mọ ohun tí mò ń wí, ẹ̀yà ara ọ̀kan ń gba òmíràn là. Ẹni tó ní oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta, mẹkáníìkì mẹ́ta ló ń bọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọn kò fẹ́ kí n sọ. Bàbá kan láàárín wa, Ọlọ́run ti bù kún un, ó ra báàgì dísìkì odindi fún ọmọ rẹ̀, méjìdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ni, kó ná an bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí báàgì yẹn ti dé pápá, mo rí i tí àwọn ọmọ kan ń dúró sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan, ọdún mẹ́rìnlá, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, èmi ò ní irú ti wọn, ẹ jẹ́ n kàn máa wò." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo fún un ní Buzzz tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, mo ní kó lọ gbá a pẹ̀lú oníbáàgì. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gbá a, ó jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ojú ọmọ ọlọ́mọ gbolẹ̀, ọmọ náà jẹ́ ọmọlúwàbí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo kàn ń sọ pé tí owó gbogbo ará bá máa ra dísìkì, kó jẹ́ irú èyí tí ọmọ aláta àti ọmọ kọntirátọ̀ á jọ di mú, tí kò ní sí pé tèmi dára ju tìẹ lọ. Oríṣi mẹ́sàn-án nínú àpò kan, ọmọ tó bá lẹ́nu ló máa kọ́kọ́ yan èyí tó dára. Ọmọ ẹlẹ́ja á mú èyí tó kù.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, eré tálákà ni eré yìí láti ìpilẹ̀. Ed Headrick tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Frisbee ló ti ṣiṣẹ́. Ní 1975 ni wọ́n la ibi ìgbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Oak Grove ní Kalifọ́níà, ní pápá ìgbafẹ́ gbogbogbòò, kì í ṣe kúlọ́ọ̀bù tó ní géètì. Dísìkì etí róbótó kan náà ni wọ́n ń jù nígbà yẹn fún gbogbo nǹkan, jíjìn àti nítòsí. Ó di 1983 kí Dave Dunipace tó ṣe èyí tí etí rẹ̀ mú, kí pínpín sí oríṣiríṣi tó gbòde. Headrick kú ní 2002, ẹ gbọ́ ná, ó ti ní kí wọ́n po eérú ara òun mọ́ rọ́bà, kí wọ́n fi ṣe dísìkì. Wọ́n sì ṣe é! Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe ọmọrí o, ẹ sin mí sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn nǹkan tó bẹ́ẹ̀, dísìkì kan ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹrù wàyí, torí pé kílò ni wọ́n ń fi gba owó. Òfin eré náà ní dísìkì kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 8.3 lọ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ní ìbú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí midrange kì í fi í kọjá bíi gíráàmù 180. Ohun tí mò ń dábàá ni ogún: Buzzz mẹ́rìnlá, Roc mẹ́fà. Nínú Buzzz, kí mẹ́jọ wà ní bíi gíráàmù 175, kí mẹ́fà fúyẹ́, bíi 155, fún àwọn ọmọ kékeré àti ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì le. Kí Roc wúwo, bíi 178, torí atẹ́gùn. Mo fi sí orí ìṣirò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi kílò mẹ́ta àti gíráàmù irínwó. Ìyẹn á wọ inú àpótí kan. Kí Buzzz jẹ́ rọ́bà tó le, kí Roc jẹ́ pọ́ọ́kú tó máa gbó fún wa.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ra aláwọ̀ ewé fún Warri, ẹ wá bá mi wá a nínú koríko. Ọsàn, pupa rẹ́súrẹ́sú, àti yẹ́lò tó ń tàn ni mo fẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó dúdú sí i torí pé "ó fani mọ́ra". Mo ní ṣé òun ló máa wọ irà ni?

Kí wọ́n sì tò wọ́n lé ara wọn pẹrẹsẹ nínú àpótí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan tó wúwo. Rọ́bà tí oòrùn bá pa nínú kọ̀ǹténà á yí, tó bá sì yí, á rí bíi abọ́ tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá iná. Mo ti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, kúlà ọgọ́rùn-ún, ideri kan kò wọlé nínú wọn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé èmi ń ṣe agbára lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa rà á, pé bóyá èrè mi wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó wá sí ìsọ̀ mi, kó wá wo rìsíìtì fúnra rẹ̀ tó bá dé. Tó bá jẹ́ èrè ni mò ń wá, oríṣi mẹ́sàn-án olówó gegere ni ǹ bá ti gbà láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá èrè kì í sọ fún oníbàárà pé kó rà díẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé Warri kì í carry last. Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó carry báàgì tó tóbi jù ló ń ṣe first, mo ti rí ìyẹn lójú ara mi lọ́jọ́ tí ọmọ ẹlẹ́ja gbá a.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a máa dìbò sí i. Mo bẹ alága kí wọ́n fún èmi àti àbúrò wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ títí tí a máa fi sọ̀rọ̀ tán. Kí àbúrò wa mú ìwé rẹ̀ wá. Èmi náà á mú Roc kan tó ti gbó wá, èyí tí ó wà lára méje àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ti ha, etí rẹ̀ ti rí bí ẹnu ọ̀bẹ tó kú. Ẹ jẹ́ ká jáde sí ìta kí ẹni tó bá fẹ́ jù ú wò, jù ú wò kí a tó dìbò. Ẹni tí kò bá tíì san owó tirẹ̀, akápò ṣì ń gbà á títí di ọjọ́ Ẹtì.